Òjò tó ń bọ̀, ooru tó ti dé: Pápá Àjàó nínú ojú ọjọ́ tó ń yí padà

Bí wọ́n bá ti dárúkọ àyípadà ojú ọjọ́ ní Èkó, etí òkun ni ọkàn gbogbo èèyàn máa ń lọ. Wọ́n á ní òkun ń jẹ ilẹ̀ ní Lẹ́kkí. Wọ́n á sọ̀rọ̀ odi òkúta tí wọ́n ń mọ síwájú Victoria Island kí ìgbì má baà gbé ìlú tuntun Eko Atlantic lọ, odi tí wọ́n ní gígùn rẹ̀ yóò tó kìlómítà 8.5. Òótọ́ ni, òkun ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Pápá Àjàó kì í gbọ́ ariwo ìgbì. Àárín Agege Motor Road àti títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá ni àdúgbò yìí wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Muṣin, nítòsí ọjà Ládípọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì káàkiri Nàìjíríà ti ń wá ra páàtì ọkọ̀. Kò sí iyanrìn etíkun níbẹ̀, kò sí ilé olówó ńlá tí ìròyìn máa gbé jáde bí omi bá wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ayé tó ń gbóná yìí yóò fi ojú Èkó rí, Pápá Àjàó àti àwọn àdúgbò bíi tirẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni èèyàn pọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni owó ìdáàbòbò kì í tètè dé.

Ọjọ́ kejì òjò ńlá ni kéèyàn gba àwọn òpópó ẹ̀yìn Ládípọ̀ kọjá. Àgbàrá tó ti lọ á fi ìlà sílẹ̀ lára ògiri, dúdú kirimú, nítorí pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti ń kán sílẹ̀ láti ọdún mọ́dún ló léfòó wọlé lórí omi. Fóòmù ibùsùn á wà lórí fẹ́ǹsì, wọ́n ń sá a. Fíríìjì á wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ títí òjò ọdún náà á fi parí. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ ìdènà tó ga débi pé ọmọ kékeré ní láti fọwọ́ ti ògiri kó tó lè dá a kọjá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún títì ṣe ni wọ́n ń da ọ̀dà tuntun lé ti àtijọ́, títì ń ga, ilé ń rẹlẹ̀. Àwọn ilé kan wà tí baba onílé gun àtẹ̀gùn wọ̀ nígbà tó kọ́ ọ; ọmọ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ilé kan náà lónìí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí yìí kò ṣẹ̀yìn bí wọ́n ṣe tẹ àdúgbò náà dó. Títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni Muṣin wà, kì í ṣe abẹ́ Èkó. Láti 1955 ni àjọ Lagos Executive Development Board ti ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn lọ sí Súrùlérè, níbi tí wọ́n ti wọn ilẹ̀, tí wọ́n ti la títì. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Muṣin ń dá dàgbà. Àwọn tó ń ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ wá wáṣẹ́ ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n gbẹ́ gọ́tà bí agbára wọn ṣe mọ. Sandra Barnes, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí Muṣin ní 1986, Patrons and Power, ṣàlàyé bí níní ilé ṣe sọ àwọn àlejò wọ̀nyí di ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ìlú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ìlú tí ìjọba kò kọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn àti ìwọ̀nba òjò tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ni gọ́tà wọn wà fún. Nígbà tó fi di 2006, ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ka èèyàn 633,009 sí Muṣin. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn ka èèyàn tó lé ní 1,300,000. Èyí tó wù ká gbà nínú méjèèjì, ilẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà onígun mẹ́rin 17 lọ ni gbogbo wọn há sí.

Òjò náà kò sì dúró bó ṣe wà. Lọ́jọ́ Sunday, 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò tó rọ̀ ní Èkó lójúmọ́ kan ṣoṣo tó mílímítà 233. Nǹkan bíi mílímítà 1,500 ni Èkó sábà máa ń rí lọ́dún gbáko. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí yóò ṣe yé ará ilé. Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà omi kan ni. Ilé tí páànù rẹ̀ fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún irú mítà bẹ́ẹ̀, èyí tí kì í ṣe ilé ńlá rárá, gba lítà 23,300 lọ́jọ́ náà. Bí a bá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tí a fi ń pọnmi, ó lé ní 930 kẹ́ẹ̀gì, láti orí òrùlé kan. Gọ́tà kan náà ni gbogbo rẹ̀ forí lé, ibẹ̀ náà ni ilé kejì da tirẹ̀ sí, àti ilé kẹta, títí dé òpin òpópó. Kò sí ilẹ̀ tó lè fa díẹ̀ mu nínú rẹ̀, nítorí pé kọnkéré ti bo àgbàlá, ọ̀dà ti bo títì. Ẹ̀mí ṣòfò ní Èkó lọ́jọ́ yẹn. Oṣù tó tẹ̀ lé e kò tíì parí tí òjò 26 oṣù Kẹjọ fi ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè kò ṣòro láti yé. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gbé omi ju èyí tó tutù lọ. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius kan lé, omi tí afẹ́fẹ́ lè gbé á fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lé. Omi òkun tó wà níwájú wa ló ń bọ́ òjò wa, òun náà sì ń móoru sí i. Nítorí náà, òjò ọdún lè má pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ìyà rẹ̀ tó pọ̀. Ó lè falẹ̀, kí ọ̀dá ṣe díẹ̀, kó wá ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àjọ IPCC, tí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé ń bá ṣiṣẹ́, sọ nínú ìròyìn wọn ti 2021 pé bí ayé bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ̀wààrà òjò yóò máa le sí i ní apá ibi tiwa ní Áfíríkà. Lẹ́yìn omíyalé 2022 tó pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, tó sì lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé, àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣèwádìí òjò àsìkò náà. Wọ́n ní èéfín tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run ti mú kí irú òjò àsìkò bẹ́ẹ̀ rọrùn láti rọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 80 ju bó ṣe yẹ lọ ní agbègbè odò Ọya àti adágún Chad.

Bí èèyàn bá sọ gbogbo èyí ní Muṣin, èsì kan wà tó máa ń yára jáde: kì í ṣe ojú ọjọ́ ló ń yọ wá lẹ́nu, ọ̀bùn ni. Wọ́n á ní ẹ wo gọ́tà, ẹ wo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, abọ́ oúnjẹ. Àwọn tó dàgbà lójú wolé-wolé á rántí ìgbà ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon, nígbà tí ìmọ́tótó àyíká di dandan, tí Sátidé tó kẹ́yìn oṣù wá di ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó ń jáde kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀. Ní 2015 ilé ẹjọ́ ní kò bófin mu láti há èèyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá 2016, Gómìnà Akinwunmi Ambode fòpin sí i.

Èmi kò bá àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ jiyàn. Ìdọ̀tí di gọ́tà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n gba ìdajì ọ̀rọ̀ tó kù. Gọ́tà tí iyẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá ti gba ìdajì rẹ̀ lè gba òjò kékeré. Kò lè gba òjò 2011. Gọ́tà kan náà, bí a bá gbá a mọ́ fefe, lè gba òjò tí àwọn tó gbẹ́ ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n òjò tó ń bọ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ̀bi àìgbá gọ́tà kò mú ẹ̀bi ojú ọjọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ti ojú ọjọ́ kò sọ ọ̀bùn di ẹni rere. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni omi ti ń wọ yàrá. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀, yálà òṣèlú ni tàbí aládùúgbò, ń fi àkókò wa ṣòfò.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé Pápá Àjàó kò sì gbà fún un. Ìdènà ẹnu ọ̀nà wọn ni ẹ̀rí. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé omi tí ìdènà tèmi bá lé kì í pòórá. Yàrá ẹni tí kò lówó búlọ́ọ̀kù ló ń lọ, ẹni náà sì sábà máa ń jẹ́ ayálégbé ìsàlẹ̀, tí kò láṣẹ láti fọwọ́ kan ilé, tó sì ti san owó ọdún kan sílẹ̀. Bí omi bá lọ tán, kànga àti ṣáláńgá á ti dà pọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí òjò mú, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa èèyàn. Òjò nìkan kọ́ ló ń fa onígbáméjì, àmọ́ omi tó ti fi ṣáláńgá kún kànga ni ọ̀nà tó yá jù fún un.

Ti òjò yìí, ó kéré tán, a máa ń sọ ọ́. Ooru ni a kì í kà sí nǹkan.

Ní 11 oṣù Kejì 2024, gbogbo Èkó kó jọ sídìí tẹlifíṣàn wo Super Eagles àti Ivory Coast nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Abidjan. Wọ́n nà wá ní 2-1, ìyẹn sì ni gbogbo èèyàn ń rántí nípa ọjọ́ náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ooru kan bẹ̀rẹ̀ tó bo etíkun láti Ivory Coast dé ọ̀dọ̀ wa fún ọjọ́ márùn-ún. World Weather Attribution tún ṣèwádìí èyí náà. Kì í ṣe bí ooru ṣe ga lójú òṣùwọ̀n nìkan ni wọ́n wò, wọ́n wo bó ṣe ń rí lára èèyàn nígbà tí ọ̀rinrin bá dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, òógùn kì í gbẹ, òógùn tí kò bá sì gbẹ kò lè tu ara lára. Ìwọ̀n tí ara mọ̀ lágbègbè náà tó nǹkan bí 50 Celsius, ó sì dé 60 láwọn ibòmíràn. Wọ́n ní àyípadà ojú ọjọ́ ló fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́rin kún un, òun ló sì mú kí irú rẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú ayé bó ṣe wà yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá ni à ń retí irú ooru bẹ́ẹ̀. Bí ayé bá fi ìwọ̀n méjì gbóná ju bó ṣe wà kí àwọn òyìnbó tó dá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀, á di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì-méjì.

Ẹ wá gbé ìyẹn wọ yàrá kan ní Pápá Àjàó. Ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn ni, yàrá dojú kọ yàrá, fèrèsé kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, òun náà sì dojú kọ ògiri ilé kejì tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Páànù ni òrùlé. Láwọn ilé mìíràn, sílíǹgì ti já. Láti àárọ̀ ni páànù àti kọnkéré ti ń mu oòrùn, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde pẹ̀lú sùúrù. Igi tí ìbá ṣíji bo òrùlé, wọ́n ti gé e kí ilé tó dúró. Iná kò sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ dé àárọ̀ tẹ́lẹ̀ ń pa á láàárín òru, fáànù á sì dúró. Àwọn ọkùnrin á gbé ẹní lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọn á gbà wọ́n. Ìyá ọmọ tuntun kò lè jáde; á jókòó, á máa fi páálí fẹ́ ọmọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sẹ́ni tó máa kọ ìyẹn sílẹ̀ níbi kankan. Bí àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá kú lóru bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní àìsàn rẹ̀ ló pa á, ooru kò ní sí nínú ìwé. Ìdí tí mo fi gbà pé ooru léwu ju omi lọ fún wa nìyí: omi máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára ògiri, gbogbo èèyàn á rí i.

Ooru náà kò sì tíì dé góńgó. Ní 2017, Tom Matthews àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn PNAS ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ìlú ńláńlá ayé. Wọ́n ní bí ayé bá fi ìwọ̀n Celsius 1.5 péré gbóná, àwọn ìlú ńlá tí ooru ń ni lára yóò di ìlọ́po méjì. Àwọn méjì tí wọ́n dárúkọ ni Èkó àti Shanghai. Ọdún 2024 ni ọdún àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé fi nǹkan bí 1.55 gbóná ju tàtijọ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, WMO, ṣe sọ. Ọdún kan kì í sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò dúró sí, ṣùgbọ́n ó sọ ibi tó kọrí sí.

Òkun náà, tí mo ní kì í dé Pápá Àjàó, ní ọ̀nà tó ń gbà dé ibẹ̀. Gbogbo omi tó bá ń ṣàn kúrò ní Muṣin, gọ́tà sí kànáàlì, inú ọ̀sà ni yóò parí sí. Bí ọ̀sà bá kún nígbà tí òjò ń rọ̀, omi kànáàlì kò ní ríbi lọ, á dúró, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. IPCC ní kí ọ̀rúndún yìí tó parí, òkun lè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 28 ga sí i bí aráyé bá yára gé èéfín kù gan-an. Bí wọ́n bá kọ̀, ó lè tó mítà kan. Ilẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ sì ń rì láwọn ibì kan. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yìí ní ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà lè fojú rí i.

Ta ló dá gbogbo èyí sílẹ̀? Gbogbo Áfíríkà kò tú ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èéfín carbon ayé lọ, Nàìjíríà kò sì tó ìdá kan. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi gbà ní Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì, ní 2022, pé kí wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí ojú ọjọ́ bá ṣe lọ́ṣẹ́. Àpò náà wà. Ìbéèrè tèmi ni ibi tí owó yóò gbà dé Muṣin, nítorí pé ibi tí ilé ti wọ́n ni owó máa ń kọ́kọ́ yà sí.

Ìjọba Èkó kò kúkú káwọ́ gbera. Wọ́n ní ètò ojú ọjọ́ tí wọ́n fi 2020 sí 2025 ṣe, wọ́n ṣèlérí pé tó bá fi di 2050, ìlú yìí kò ní tú èéfín ju èyí tí wọ́n lè pa rẹ́ lọ. Ní oṣù Kìíní 2024, Tokunbo Wahab, kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká, kéde pé wọ́n ti fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ. Láti oṣù Keje 2025, òfin náà kan àwọn ọ̀rá àti ike ìlò-ẹ̀ẹ̀kan mìíràn. Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olóúnjẹ ẹ̀bá títì ni wàhálà rẹ̀ kọ́kọ́ dé bá, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike. Ṣùgbọ́n ìlérí 2050 kò lè tu ẹni tó ń sùn lábẹ́ páànù lára. Iṣẹ́ tó kan Pápá Àjàó kéré ju ìyẹn lọ, ó sì yá ju ìyẹn lọ.

Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ gọ́tà tàbí kànáàlì jáde ní Muṣin, kí ẹgbẹ́ onílé ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò rẹ̀ han àwọn: òjò ọdún wo ni ẹ fi wọn ìbú rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ òjò ogójì ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n dá a padà. Kí títì tuntun má ga ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Ọ̀dà funfun lórí páànù máa ń dín ooru yàrá kù, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀rọ amúlétutù. Onílé tó ń gba owó ilé lọ́dọọdún lè ṣe é láàárín ọjọ́ méjì. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní àyè fún igi, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ìgbà tí òjò bá sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbìn ín. Àwọn ilé ìwòsàn ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ooru sílẹ̀ nínú ìwé bí ó bá wà lára ohun tó gbé aláìsàn wá.

Ọdọọdún, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ni NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, máa ń kéde bí òjò yóò ṣe rọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, NIHSA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi, náà á sọ ibi tí omi lè ya. Orí ìwé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń parí sí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Muṣin túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n kà á lórí rédíò àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọjà Ládípọ̀ àti Ojúwòyè, kí wọ́n dárúkọ òpópó. Láti oṣù Kejìlá títí di òpin oṣù Kejì ni ilẹ̀ máa ń gbẹ tí wọ́n lè fi kó iyẹ̀pẹ̀ inú kànáàlì tán, kí wọ́n sì gbé e lọ, kì í ṣe kí wọ́n kó o jọ sétí gọ́tà. Tó bá di oṣù Kẹta, àkọ́rọ̀ òjò lè gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú.